Tísà Mọ́tò Lọ Sọ Tẹnu Rẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí Tísà Mọ́tò ti ń kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, ó sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn ará àdúgbò pàápàá ti gbàgbé èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní kékeré. Ó ti kọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ó ti kọ́ àwọn tó ń bá ọkọ̀ jà bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ó ti kọ́ akọ̀wé báǹkì kan tó máa ń di ojú pa bí ó bá ti rí ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ níwájú. Ọkọ̀ pupa kékeré tó fi ń kọ́ wọn ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, èkejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó sì máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe bíréèkì tòun yìí ni, wọn ìbá ti máa pe òun ní olóògbé.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹni tó jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí màbo jù ni ìyá tó bí i lọ́mọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Màmá. Ìwé ló ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìgbà yẹn, Bàbá ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Nígbà tó wá di pé dókítà ojú ní kí Bàbá má wa ọkọ̀ mọ́, Màmá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà máa retí ẹni tí yóò gbé òun, òun ó kọ́ ọ. Inú Tísà dùn títí di ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá kì í sáré ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Bí ó bá rí ẹni mọ̀, ó yọ ọwọ́ kúrò lórí sítíárì láti kí i. Bí ó bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó máa ń sọ fún ọkọ̀ náà pé kó má bínú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí wọ́n ṣe dúró kí iná ojú pópó lè di àwọ̀ ewé, Màmá sín. Ó ṣí àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ láti wá ìnumú. Lẹ́tà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Tísà ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti fi ìwé títẹ̀ jẹun rí kì í rí lẹ́tà kó má kà á, ó sì máa ń kà á sókè ni. Ó ka orúkọ ọsibítù tó wà lókè. Ó ka pé àwọn dókítà fẹ́ ṣe òfin tuntun lórí ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ tí ojú ara wọn yàtọ̀ láti ọjọ́ ìbí. Ó ka pé àwọn tí wọ́n ti ṣe é fún ní kékeré, tí wọ́n ti wá dàgbà báyìí, ni àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn, àti àwọn tí wọn kò ṣe é fún pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Iná ti di àwọ̀ ewé. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Màmá tẹ tọ́ọ̀tù láìgbé jíà wọlé, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ kò sún.

Kí ẹ lè mọ ohun tó mú ohùn Màmá lọ sílẹ̀, ó yẹ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bí Tísà, agbẹ̀bí tó gbé e kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ pe dókítà. Ojú ara ọmọ náà kò jọ ti obìnrin tán, kò sì jọ ti ọkùnrin. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ní obìnrin ni, pé ara rẹ̀ ló ń pèsè omi ara kan lápọ̀jù láti inú oyún, òun ló sì fà á. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ó ṣì ń lò ó di òní, nítorí láìsí i, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Lórí oògùn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lórí ọ̀bẹ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́rìnlá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ibẹ̀ lè jọ ti àwọn obìnrin yòókù. Nígbà tó pé ọdún márùn-ún, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n má sọ fún ọmọ, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Nítorí náà, wọ́n sọ fún un pé ìpá ni wọ́n gé fún un. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní iléèwé, ọ̀rẹ́ náà ní òun kò rí obìnrin tó ní ìpá rí. Tísà ní òun ni àkọ́kọ́, ó sì fi ṣe fáàrí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni wọ́n ń mú un padà lọ fún àyẹ̀wò, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, dókítà ọ̀dọ́ mẹ́jọ ló tò yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ń ka pátákó àjà títí wọ́n fi jáde. Ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀ pé ìpá kọ́.

Nígbà tó pé ogún ọdún, ó lọ béèrè fáìlì rẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù, ó kà á tán. Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ka fáìlì. Abọ́ ni Màmá ń fọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “O ti kà á.” Ó tún abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ fọ̀. Ó parí síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko. Wọn kò bá ara wọn jà o. Wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò, wọ́n jọ ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn nìkan ni wọ́n máa ń yẹ̀ sílẹ̀ fún bí ẹni ń yẹ̀ fún kòtò ojú ọ̀nà.

Ìyẹn ni lẹ́tà yìí wá gbé síwájú wọn, tí ọkọ̀ mọ́kànlá sì ń fọn fèrè lẹ́yìn.

Tísà gbé jíà wọlé fún un, wọ́n rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ní òun kò ní lọ síbẹ̀. Ó ní òun ti gbé ayé òun lọ, òun níṣẹ́, òun ní ilé, kò sí ohun tí òun ń wá ní yàrá àwọn dókítà mọ́. Màmá ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò ara rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n kọ síbẹ̀, aago mẹ́wàá, àti pé òun ni yóò wa ọkọ̀. Tísà wò ó. Kò mọ èyí tó bani lẹ́rù jù nínú méjèèjì.

Ní Sátidé, ìrìn ogún ìṣẹ́jú gbà wọ́n ní wákàtí kan ó lé díẹ̀. Àjà kẹta ni yàrá ìpàdé wà. Wọ́n to àga yípo, tábìlì kékeré kan wà tí omi àti bisikíìtì wà lórí rẹ̀. Dókítà tó pè wọ́n jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ó mú ìwé tó pọ̀ dání tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àgbọ̀n ló fi tì í. Káfíńtà kan wà níbẹ̀, géńdé tó sanra dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti dojú àga tirẹ̀ dé, ó ní ẹsẹ̀ kan kúrú, ó ká ìwé sí i lábẹ́. Onídìrí kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nírọ̀rùn, tó sì ti yẹ orí gbogbo wọn wò bí ẹni ń wá iṣẹ́. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ oṣù mẹ́rin sùn sí àyà bàbá rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé ìyàtọ̀ tí wọ́n bí mọ́ Tísà ni wọ́n bí mọ́ ọmọbìnrin yìí náà. Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, oṣù tó ń bọ̀ ni, àwọn òbí rẹ̀ sì ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà.

Olúkúlùkù ń wo bàtà rẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, Káfíńtà ní, “Ṣé a máa sọ ọ́ ni, àbí ká jọ máa jẹ bisikíìtì lọ?” Onídìrí bú sẹ́rìn-ín, ọmọ ta gìrì, ó sì tún sùn. Bí ìpàdé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ọkùnrin ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde kò sí lójúkò rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún un kó tó pé ọdún méjì, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí pé ojú rírán náà ń jò. Ó ní òun kò rántí ìrora kankan, òun bá àwọn ẹlẹgbẹ́ òun dúró tọ̀ bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe, inú òun dùn pé wọ́n ṣe é, bí wọ́n bá sì bí irú òun fún òun lọ́la, òun yóò ní kí wọ́n ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló dùn ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irú rẹ̀ wà. Ó ní òun rò pé òun nìkan ni lágbàáyé, títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ òní.

Ti Onídìrí yàtọ̀. Irú ìyàtọ̀ Tísà gan-an ni wọ́n bí mọ́ ọn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, dókítà tó yẹ kó ṣe é ṣí lọ sí ibòmíràn, àwọn òbí rẹ̀ ń retí títí wọ́n fi gbàgbé. Báyìí ló ṣe dàgbà láìsí ọ̀bẹ, oògùn nìkan ló ń lò. Bàbá ọmọ bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀, pé ṣé wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní iléèwé. Onídìrí ní ta ni yóò wá bọ́ aṣọ òun wò. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ kan rí òun ní balùwẹ̀ iléèwé tí wọ́n ń gbé. Ó sọ fún ọmọ náà pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní kí ó yá òun ní ọṣẹ, torí tòun ti tán. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí Onídìrí pé ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tó padà sọ́dọ̀ dókítà fúnra rẹ̀. Odindi ọdún kan ló fi ń béèrè ìbéèrè. Ohun méjì ni wọ́n lè ṣe fún un, ó ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan, kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. “Èmi ni mo mú èyí tí mo fẹ́,” ó ní, “nítorí èmi ni mo ń gbé inú ara náà.”

Ó wá kan Tísà. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ̀rọ̀ bíi tẹni tó ń kọ́ni, kúkúrú, kedere. Ó sọ ti oògùn, ó dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ó sọ pé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ mú ìmọ̀lára tó yẹ kó wà níbẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́. Ó sọ ti ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tó pé ọdún márùn-ún, bí ìyá rẹ̀ ṣe tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Onídìrí na ife omi sí i. Ó mu ún, ó ní:

“Kò sí ohun tó ń ṣe mí níbẹ̀ nígbà náà. Mò ń tọ̀ dáadáa, mò ń ṣeré dáadáa. Ojú àwọn àgbà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọn kò bi mí, wọ́n sì tún fi pa mọ́ fún mi. Ká ní wọ́n dúró, bóyá màá ní kí wọ́n ṣe é, bóyá màá ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n màá ti sọ̀rọ̀.”

Kò wo ìhà tí Màmá wà. Màmá ló dìde. Wọn kò pè é sí ìpàdé náà, wọ́n ní àwọn tó tẹ̀lé ènìyàn wá lè jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, òun ló ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tutù, tó sì wọlé wá jókòó. Ó kọjú sí ìyá ọmọ tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

“Dókítà ní kí n fọwọ́ sí ìwé,” Màmá ní. “Ó fún mi ní bírò, bírò náà kò yọ. Ó jáde lọ wá òmíràn. Èmi nìkan wà nínú yàrá pẹ̀lú ìwé náà. Mo ní kí n dìde, kí n gbé ọmọ mi, kí n máa lọ sílé ká tún rò ó. Mi ò dìde. Ojú ń tì mí pé màá fi àkókò dókítà ṣòfò. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé, mo ṣì ń ronú nípa bírò yẹn.”

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ọmọ mi, dárí jì mí. Kì í ṣe pé mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ tí o ka fáìlì. Ó pọ̀ jù ni, mi ò mọ ibi tí màá ti mú un.”

Tísà dìde, ó lọ bá a, ó dì mọ́ ọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ara wọn sílẹ̀. Káfíńtà bojú wo òkè, ó fọn imú, ó ní eruku pọ̀ nínú yàrá yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gidi. Dókítà ní kí wọ́n bá òun sọ ohun tí òun yóò kọ, ìjà ẹnu sì dé. Káfíńtà kò gbà pé kí wọ́n máa dúró de gbogbo ọmọ títí yóò fi dàgbà. Ó ní bí wọ́n bá fi tòun sílẹ̀ di ọmọ ogún ọdún, òun ìbá ti sá kúrò nílé. Tísà ní ti Káfíńtà yàtọ̀ sí tòun. Onídìrí ní ìyẹn gan-an ni kí wọ́n kọ, pé wọ́n yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fà á, ni wọ́n ń jẹ bisikíìtì, dókítà sì ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Nígbà tó ṣe, ohùn wọn ṣọ̀kan lórí àwọn nǹkan kan. Bí ìtọ̀ ọmọ kò bá jáde dáadáa, tàbí ewu bá wà, kí wọ́n má dúró. Bó bá jẹ́ torí bí ibẹ̀ ṣe rí lójú ni, kí wọ́n fi sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi lè sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa sọ òtítọ́ fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ láti kékeré. Kí òbí kankan má fọwọ́ sí ìwé láìkọ́kọ́ bá ẹni tó ti dàgbà nínú irú ara bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí dókítà má sì kó èrò yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ká láìtọrọ àyè. Lórí irú ọ̀ràn ti Káfíńtà, wọn kò fohùn ṣọ̀kan, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò fohùn ṣọ̀kan, ó kọ ohun tí Káfíńtà wí bó ṣe wí i. Ó ní irú èyí kò wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn dókítà. Káfíńtà ní kó fi orúkọ iṣẹ́ òun sí i, bóyá ẹnìkan yóò wá ra àga.

Kí wọ́n tó túká, ìyá ọmọ béèrè bóyá òun lè gba nọ́ńbà fóònù Tísà àti ti Onídìrí. Ó ní ọmọ àwọn ń tọ̀, ó ń mu wàrà, ó ń sanra, dókítà náà sì ti sọ pé oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bàbá ọmọ ní àwọn yóò sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn síwájú. Dókítà bi í pé títí di ìgbà wo. Ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀, ó ní títí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò fi lè dá sí i.

Màmá ló tún wa ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ju bí wọ́n ti sọ ọ́ láti ọdún mẹ́rìnlá lọ. Tísà béèrè bí àwọ̀ yàrá tí wọ́n bí òun sí ṣe rí, àti ohun tí Bàbá ṣe nígbà tí agbẹ̀bí jáde lọ. Màmá ní Bàbá kàn gbé ọmọ ni, ó ní ọmọ náà jọ ìyá òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí ẹni ń kí àgbàlagbà. Tísà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Màmá kò yọ ọwọ́ kúrò lórí sítíárì kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá ti ń retí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jókòó tì í, Tísà sì béèrè gbogbo ìbéèrè tó kù lọ́wọ́ òun náà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òfin tuntun jáde ní ọsibítù náà, ojú ìwé mẹ́rin péré. Kò rí bí Tísà ṣe fẹ́ kó rí tán, kò sì rí bí Káfíńtà ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà nínú rẹ̀ pé òbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdé àwọn àgbà, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n lè pè. Wọ́n ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Onídìrí ti gbà kí Káfíńtà ṣe àga tuntun fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń ráhùn pé wọ́n ga jù.

Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin kan tí ẹkún ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ ló wọlé, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá wà nínú aṣọ funfun. Wọn kò mọ ibi tí wọn yóò jókòó sí. Tísà dìde, ó fa àga méjì súnmọ́ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n má kánjú, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Ó tọrọ ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sí itan, ó wò ó lójú dáadáa, ó sì kí wọn kú oríire.